Èbúté Wo Ló Ṣe Pàtàkì Jù? Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Oníkajú Ìlọrin

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníṣòwò kajú sọ ní Ìlọrin nìyí. Mo gé e kúrú díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àlàájì, ẹ̀yin àlááyà. Ìlọrin jìnnà sókun, ṣùgbọ́n òkun lọ́wọ́ nínú owó gbogbo wa. Vietnam àti Íńdíà ni kajú wa ń lọ jù, ojú omi ló sì ń gbà. Kódà, ohun tó lé ní ìdá 80 nínú ìdá 100 ẹrù tí àwọn orílẹ̀-èdè ń tà fún ara wọn, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e.

Iṣẹ́ tiwa, àwa tó ń ṣèwádìí ìrìn ọkọ̀ ojú omi, ni pé ká fi àmì sí èbúté kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán ayé. Bí ọkọ̀ bá ti ọ̀kan lọ sí òmíràn, a ó fa ìlà láàárín wọn. Ẹ̀rọ AIS tí àwọn ọkọ̀ ńlá fi ń kéde ibi tí wọ́n wà ló ń fún wa ní ìròyìn. Àwọn onímọ̀ kan ti fi tọpa ọkọ̀ 16,363 fún odindi ọdún 2007. Wọ́n rí i pé ọkọ̀ kọ̀ntéénà ń tọ ojú ọ̀nà kan náà léraléra, àmọ́ ibi tí ọjà bá pe ọkọ̀ epo ló ń lọ.

Èbúté wo wá ló ṣe pàtàkì jù? Ọ̀pọ̀ á ní èyí tí ọkọ̀ ń wọ̀ jù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ẹ wo Àjàsẹ́-Ìpo. Kò tóbi tó Ọ̀fà, ká má tíì sọ Ìlọrin, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti Ìlọrin lọ Ọ̀fà àti ẹni tó ń lọ Òmù-Àrán, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya ara wọn. Ohun tí à ń ṣírò nìyẹn: nínú gbogbo ọ̀nà tó yá jù láàárín ibi méjì-méjì, mélòó ló gba ibí yìí kọjá?

Ní ti ọkọ̀ ojú omi, Suez, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ ní Íjíbítì tí ọkọ̀ ń gbà láàárín Éṣíà àti Yúróòpù, wà lára irú ibi bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2021, ọkọ̀ Ever Given, tó gùn ní mítà 400, dábùú sínú rẹ̀. Ọjọ́ 29 ni wọ́n tó rí i yọ. Ọkọ̀ tó ń dúró de ọ̀nà ti lé ní 400 nígbà náà.

Àlááyà kan dá mi lóhùn pé, "Ọ̀gá, kajú wa kì í gba Suez." Òótọ́ ni. Etí gúúsù Áfíríkà lọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ Vietnam sábà máa ń gbà. Ṣùgbọ́n ní òpin 2023, nígbà tí àwọn Houthi, ẹgbẹ́ ológun kan ní Yemen, bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn lu ọkọ̀ ní Òkun Pupa tó já sí Suez, àwọn ọkọ̀ Éṣíà sí Yúróòpù pẹ̀lú yí gba gúúsù, ìrìn wọn sì fi ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gùn sí i. Ọkọ̀ tó pẹ́ lórí omi kò tètè padà wá gbé ẹrù. Kọ̀ntéénà wọ́n, owó ọkọ̀ sì lọ sókè, títí kan ti ẹni tí kò mọ ibi tí Suez wà.

Lomé, ní Tógò, ni irú ibi bẹ́ẹ̀ kejì. Omi èbúté wọn jìn, ọkọ̀ ńlá ń wọ ibẹ̀, ó sì ń já kọ̀ntéénà sílẹ̀ fún ọkọ̀ kéékèèké tó ń gbé e lọ sí èbúté mìíràn, títí dé Èkó. Ìdí nìyí tí mo fi ń fojú sí Lẹ́kí, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní 2023. Omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5. Ìjìnlẹ̀ nìkan kọ́ o. Ọ̀nà tírélà tó wọ ibẹ̀ ń kọ́?

Wọ́n bi mí bóyá a lè fi ọkọ̀ gbé kajú gba Odò Ọya. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kajú ń já, ẹ̀ẹ̀rùn náà lomi sì ń fà. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọ̀nà Òṣogbo la gbójú lé, Ìbàdàn sì ni méjèèjì sábà máa ń já sí. Réèlì dé Ìlọrin láti 1908, ṣùgbọ́n èyí tuntun tó wọ Àpápá, Ìbàdàn ló pin sí.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba iye owó lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì, ẹ bi í bóyá kọ̀ntéénà yín á wọ ọkọ̀ tó ń lọ tààrà, àbí wọ́n á kọ́kọ́ já a sí Lomé. Bí Lomé bá wà níbẹ̀, ẹ bi í bó ṣe máa pẹ́ tó ńlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé.