Ẹ Jẹ́ Ká Bi Ọ̀bẹ Léèrè: Bí A Ṣe Ń Dá Ọ̀bẹ Àpò Àtijọ́ Alábẹ Púpọ̀ Mọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi fojú inú wo ọ̀bẹ àpò kan tí kò gùn ju ìka àárín lọ. Abẹ mẹ́ta ló ká sínú rẹ̀, ó ti dúdú, èkù rẹ̀ sì ti sán díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó gbé e wá sọ pé Sheffield, ìlú kan ní England, ni wọ́n ti ṣe é, pé ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́rìí sí i? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá lónìí.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yéra, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe máa pe àwọn ẹ̀yà ara ọ̀bẹ náà. Irin tó ń gé nǹkan ni mo ń pè ní abẹ. Ibi tó ti nípọn, tó ti wọ inú èkù, ni ìdí abẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ òǹtẹ̀ sí. Ibi tín-ín-rín tí wọ́n gbẹ́ sí ara abẹ kí a lè fi èékánná fà á síta ni ojú èékánná. Sípíríǹgì ni irin ẹ̀yìn tó ń mú abẹ dúró, òun náà ló ń jẹ́ kó dún pákáń nígbà tí a bá ṣí i tàbí tí a bá pa á dé. Irin tó bo ṣóńṣó èkù, mo máa pè é ní fìlà èkù.

Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ọ̀bẹ àpò, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ní Sheffield, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tó rọ abẹ yàtọ̀ sí ẹni tó lọ̀ ọ́ lórí òkúta, ẹni tó to abẹ, sípíríǹgì àti èkù pọ̀ sì tún yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ọ̀bẹ tó dé ọwọ́ wa ti gba ọwọ́ èèyàn púpọ̀ kọjá, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì fi ipa sílẹ̀. Àwọn ipa yẹn ni ẹlẹ́rìí wa. Ohun tí mo gbà gbọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń kó wọn jọ ni pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo kò tó láti fi dá ẹjọ́ ọ̀bẹ. Òǹtẹ̀ ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ sáré wò, òun náà sì ni ayédèrú máa ń kọ́kọ́ bá.

Bó ti wù kó rí, òǹtẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Joseph Rodgers & Sons ní Sheffield ń lo ìràwọ̀ àti àgbélébùú Malta. George Wostenholm ń lo I*XL. Bí Òyìnbó bá ka lẹ́tà wọ̀nyẹn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, á dún létí bíi pé ó ń sọ pé òun ta yọ. Ọ̀pọ̀ abẹ Sheffield tún ní lẹ́tà méjì pẹ̀lú adé láàárín wọn. V R ni ti Ọbabìnrin Victoria, tó jọba láti 1837 sí 1901. E R ni ti Edward Keje, láti 1901 sí 1910. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di wàhálà ni G R. George Kẹrin jọba láti 1820 sí 1830, George Karùn-ún láti 1910 sí 1936, George Kẹfà sì tẹ̀ lé e láìpẹ́ sí i. Ẹni tó bá rí G R, tó sì pariwo pé ọ̀bẹ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé igba ọdún, lè ti fi ohun tó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣìnà.

Kí la ó wá ṣe? Ká pe ẹlẹ́rìí kejì. Ní 1890, Amẹ́ríkà ṣe òfin owó ibodè tí wọ́n ń fi orúkọ McKinley pè, ó sì pọn dandan láti 1891 pé kí ọjà tó bá ń wọ ilẹ̀ wọn ní orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é lára. Bí ENGLAND tàbí GERMANY bá wà ní ìdí abẹ, ó ṣòro kí ọ̀bẹ náà jẹ́ ti ayé George Kẹrin. Ṣùgbọ́n ẹ má yí òfin yìí po o. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń tajà, tí wọ́n á ní, "Kò sí ENGLAND lára rẹ̀, ó ti ṣáájú 1891 nìyẹn." Rárá. Ọjà tó ń lọ sí Amẹ́ríkà ni òfin náà bá wí. Ọ̀bẹ tí wọ́n ṣe ní 1925 láti tà ní ilé kò nílò orúkọ ilẹ̀ kankan. Bí orúkọ bá wà, ó jẹ́rìí. Bí kò bá sí, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹlẹ́rìí kẹta tí mo fẹ́ràn ni irúfẹ́ irin. Ọdún 1913 ni Harry Brearley rí irin tí kì í dípẹtà ní Sheffield kan náà. Bí wọ́n bá kọ "stainless" sí ara abẹ, bí lẹ́tà ọba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti wù kó dàgbà tó, a ti mọ ọdún tí kò lè ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrà díẹ̀, nítorí inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí. Ní 1822, ilé iṣẹ́ Rodgers ṣe ọ̀bẹ kan tó ní abẹ 1,822, wọ́n sì ń fi kún un bí ọdún ti ń yí. Ní 1851, wọ́n tún ṣe ọ̀bẹ ńlá kan tó ní abẹ 75 fún ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní London. Iṣẹ́ àṣehàn ni méjèèjì, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi wọ́n gé okùn. Síbẹ̀, ọgbọ́n tó wà nínú wọn ló wà nínú ọ̀bẹ abẹ mẹ́ta tí mo ní ká fojú inú wò lẹ́ẹ̀kan: bí a ṣe máa kó irin púpọ̀ sí ibi tóóró, kí wọ́n má sì gbá ara wọn.

Ká rékọjá sí Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń kó ọ̀bẹ jọ níbẹ̀ fẹ́ràn ilé iṣẹ́ Case ti Bradford, ní Pennsylvania, torí òǹtẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kàlẹ́ńdà. CASE XX ni wọ́n tẹ̀ láti 1940 sí 1964. Láti 1965 sí 1969, wọ́n fi U.S.A. kún un. Ní 1970, wọ́n fi àmì tó-ò-tó (dọ́ọ̀tì) mẹ́wàá sí abẹ́ òǹtẹ̀ náà, wọ́n sì ń yọ ọ̀kan kúrò lọ́dọọdún. Ẹ ka tó-ò-tó méje, 1973 ni. Ní 1980, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́wàá, àmọ́ wọ́n kọ lẹ́tà S inú CASE bíi mànàmáná kí ọdún mẹ́wàá méjèèjì má bàa dàrú mọ́ra.

Case tún máa ń tẹ nọ́ńbà sára ọ̀bẹ, nọ́ńbà yìí sì ni mo fi máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú 6488. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ní egungun ni èkù rẹ̀. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ní abẹ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. 88 ni irú ọ̀bẹ tó jẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Congress, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ. 6347 ń kọ́? Egungun, abẹ mẹ́ta, irú 47. Bí ẹ bá wá rí 6347 tí èkù rẹ̀ jẹ́ rọ́bà àwọ̀ yẹ́lò, tàbí tí abẹ rẹ̀ jẹ́ méjì, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Remington, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà mìíràn tó ṣe ọ̀bẹ àpò láti nǹkan bíi 1920 sí 1940, gbé ti tirẹ̀ gba ẹ̀yìn: nọ́ńbà tó kẹ́yìn ló ń sọ ohun tí èkù jẹ́. R1123 parí sí mẹ́ta, egungun nìyẹn.

Ní Swítsàlandì, ìtàn ọ̀bẹ àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Ìbọn tí wọ́n gbà ní 1889 ń fẹ́ síkúrúdíráfà tí wọ́n á fi tú u, oúnjẹ inú agolo sì ń fẹ́ ohun tí wọ́n á fi ṣí i. Bí ọ̀bẹ Modell 1890 ṣe di alábẹ kan, ìṣí agolo kan, síkúrúdíráfà kan àti irin ìlu ihò kan nìyẹn, pẹ̀lú èkù igi dúdú. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé Solingen, ní Jámánì, ni àwọn àkọ́kọ́ ti wá, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Wester & Co., kí Karl Elsener, oníṣẹ́ ọ̀bẹ ará Ibach ní Swítsàlandì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó tirẹ̀ wá ní 1891. Ní 1897, Elsener gba àṣẹ lórí ọ̀bẹ fún àwọn ọ̀gá ológun, èyí tó fi abẹ kékeré kejì àti irin ìfa ìdérí ìgò wáìnì kún un, sípíríǹgì méjì péré ló sì gbé gbogbo wọn. Ìyá rẹ̀, Victoria, kú ní 1909, ó sì fi orúkọ ìyá náà sọ ọjà rẹ̀. Nígbà tó di 1921, tí wọ́n ń lo irin tí kì í dípẹtà, tí àwọn Faransé ń pè ní inox, wọ́n so orúkọ méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, ọ̀bẹ tí wọ́n kọ Victorinox sí, tí ẹnì kan ní ó ti wà láti ìgbà ogun àgbáyé kìíní, irọ́ ti bá a láti ìdí abẹ. Ti àwọn ọmọ ogun lẹ́yìn 1961, tí èkù rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́mù fàdákà, rọrùn jù: nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn ọdún wà lára abẹ ńlá rẹ̀.

Èkù ló gba àkókò mi jù nínú iṣẹ́ yìí. Egungun gidi ní ihò wínníwínní, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Ẹ gbé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lé e, ẹ ó rí àwọn ilà àti tó-ò-tó dúdú wọ̀nyẹn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kìíní àti ìkejì. Bí gbígbẹ́ ara wọn bá bára mu láìyẹ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé rọ́bà tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù ni, kì í ṣe egungun. Ìkarahun òkun máa ń tutù lọ́wọ́, ó sì ń yí àwọ̀ padà bí ẹ bá yí i sí ìmọ́lẹ̀. Delrin, irú rọ́bà kan tó jọ egungun dáadáa, kò dé ọjà kó tó di 1960. Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ gbígbóná dán èkù wò, bí àwọn kan ti ń ṣe. Ó ń ba egungun jẹ́, bó bá sì jẹ́ sẹ́lúlọ́ìdì, irú rọ́bà àtijọ́ kan tó tètè ń gbiná, iná ni.

Sẹ́lúlọ́ìdì yẹn gan-an ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù. Mo ní ọ̀bẹ kékeré kan tí èkù rẹ̀ dà bí oyin tí oòrùn ràn sí. Mo tò ó sínú awọ tí mo ń ká àwọn ọ̀bẹ mi sí, mo so awọ náà, mo sì gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí mo tú u, òórùn kíkan ló kọ́kọ́ lù mí. Èkù náà ti fọ́ wẹ́wẹ́. Ìdípẹtà ti bo abẹ rẹ̀, ó sì ti ran àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sẹ́lúlọ́ìdì tó bá ń darúgbó máa ń tú gáàsì tó ń di ásíìdì sílẹ̀, ásíìdì náà kì í sì í jẹ irin tirẹ̀ nìkan. Láti ọjọ́ yẹn, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni mo ń fi wọ́n sí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. N kò sì tọ́jú ọ̀bẹ kankan sínú awọ mọ́, torí awọ náà ní ohun tó ń jẹ irin àti idẹ.

Wàyí o, ayédèrú. Ọ̀nà méjì ni mo máa ń bá a pàdé. Ọ̀kan ni kí wọ́n yọ abẹ tó ti ṣẹ́, kí wọ́n fi tòmíràn rọ́pò. Nínú ọ̀bẹ tí ọwọ́ kò tíì kàn, ìṣó tó gba inú fìlà èkù kọjá ni wọ́n ti lọ̀ títí tí ojú kò fi lè rí i mọ́. Bí ẹ bá rí òbìrí róbótó kan níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣí ọ̀bẹ náà rí. Ẹ tún wo abẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ṣé wọ́n dúdú bákan náà? Ṣé ojú èékánná wọn jọra? Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n lọ̀ òǹtẹ̀ àtijọ́ kúrò, kí wọ́n sì tẹ orúkọ ńlá sí i. Ìdí abẹ á ti fẹ́lẹ́ ju bó ti yẹ lọ, á sì máa mì láàárín èkù. Ẹ wo àwọn ihò tí ìdípẹtà jẹ. Bí òǹtẹ̀ bá ti wà ṣáájú, ìdípẹtà á ti jẹ lẹ́tà náà mọ́ irin. Bí lẹ́tà bá mú gerere láàárín irin tó ti jẹrà, lẹ́tà náà ló dé kẹ́yìn.

Nígbà kan tí mo parí irú ọ̀rọ̀ yìí, ìyá àgbàlagbà kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òun lè fi nǹkan pa ọ̀bẹ bàbá òun kó tún máa dán bíi tìgbà tó wà ní tuntun. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má dán an." Dúdú tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí, àwọ̀ tí irin gbé wọ̀ nìyẹn, ó sì ń dáàbò bo ohun tó wà nísàlẹ̀. Ìdípẹtà pupa nìkan ni ká mú kúrò, pẹ̀lú òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti igi ìtayín, díẹ̀díẹ̀. Ìyá náà ṣí ọ̀bẹ náà fún mi wò. Abẹ ńlá rẹ̀ ti jẹ títí tó fi kù bí ìdajì ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń rà á máa ní kò níye lórí mọ́. Èmi rí ibi tí òkúta ìpọ́nbẹ ti gba kọjá fún bí ogójì ọdún, ní apá kan ju ìkejì lọ, nítorí pé ọwọ́ òsì ni bàbá náà ń lò. Ìyá náà ní òótọ́ ni, ọlọ́wọ́ òsì ni.