Ìró Ìlù Tó Ya

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Àwọn àgbà ní ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló ń ya. Orin tí mo fẹ́ràn jù láyé, orí yíya yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Gabber ni wọ́n ń pè é. Ìlú Rotterdam, ní Nẹ́dálándì, ló ti gbilẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1990. Lẹ́nu àwọn ará Amsterdam, "ọ̀rẹ́" ni gabber túmọ̀ sí. Ẹ̀rọ ìlù Roland TR-909, tó jáde ní 1983, ni wọ́n fi ń lù ú. Wọ́n á mú ìró ìlù ńlá inú rẹ̀, wọ́n á tì í kọjá ibi tí agbára ẹ̀rọ mọ. Orí ìró náà á di pẹlẹbẹ, bí ìgbà tí wọ́n fi àdá bẹ́ ẹ. Ojú ibi tí wọ́n ti bẹ́ ẹ yẹn ni àwọn ohùn mìíràn ti ń yọ: ohùn tó ń han, tó gbóná, tó sì dùn. Ẹni tó bá ti gbọ́ sípíkà tó fàya lóde àríyá mọ ìró yìí. Àwa á sáré pe ẹni tó máa tún un ṣe. Àwọn, wọ́n ń wá a kiri ni.

Ó tún ń sáré: lílù 150 sí 200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ eré nìkan kọ́ ló ń lé wa sá. Ṣebí gúdúgúdú náà ń sáré? Nínú dùndún, ọmọ ló ń sáré, ìyáàlù ló ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú gabber, ìyá fúnra rẹ̀ ló ń sá eré ọmọ! Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àyà ti ń já. Nítorí náà, ẹ má lé gbogbo rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan nínú méjì: 180 á di 90, ẹsẹ̀ á sì rí ilẹ̀ tẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní wèrè òyìnbó o. Singeli tí wọ́n ń jó ní Dar es Salaam, ní Tànsáníà, ń kọjá 200. Òmíràn ń dé 300.

Mo da ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì gbígbẹ sínú abọ́, mo gbé e lé orí sípíkà. Nígbà tí mo fi jùjú sí i, ìrẹsì ń fò, ó ń balẹ̀. Mo yí i sí gabber. Kò ráyè balẹ̀ mọ́. Ó ń hó bí omi orí iná. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró pẹ́ sẹ́nu sípíkà. Etí tí ariwo bá bà jẹ́ kì í sábà padà bọ̀ sípò.)

Bàbá onílù kan tó jókòó síwájú béèrè pé, "Ọmọ mi, kí ni ìlù yìí ń wí?"

Mo ní, "Bàbá, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan."

Wọ́n ní kí n tún un fi sí i. Wọ́n dijú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìka wọn méjì bẹ̀rẹ̀ sí í lu apá àga, jẹ́jẹ́, ọ̀kan nínú méjì.