Ewé Tábà àti Kárọ́ọ̀tì Tó Ń Bá Wa Ṣe Oògùn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ọjà Sábó nílùú Ìkòròdú ni mo wà yìí, ẹ óò máa gbọ́ ariwo ọ̀kadà lẹ́yìn mi, ẹ má bínú. Ẹ wo kárọ́ọ̀tì tó kún inú bárò yìí. Oògùn kan wà tí wọ́n ń fà sí àwọn aláìsàn lójú iṣan, inú sẹ́ẹ̀lì kárọ́ọ̀tì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di kárọ́ọ̀tì, ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá kan tó ń ra ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, wọ́n ní "ọmọ mi, ṣé kí n yáa ra púpọ̀ ni?" Rárá o, màámi. Èyí tẹ́ẹ rà yẹn, inú fráìdì ráìsì lẹ máa gé e sí, kò wo àrùn kankan. Èyí tí mò ń sọ yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú ara wa. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ara ń ṣe, purotéènì ló ń ṣe é. Ínsúlìn tó ń bójú tó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, purotéènì ni. Èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá téèyàn bá fi ọ̀bẹ gé ọwọ́, purotéènì ni. Ara ẹlòmíì wà tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, tàbí tó ń ṣe é àmọ́ tí kò dáa, ibẹ̀ ni àìsàn ti ń wọlé. Màmá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ń gún ínsúlìn, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an ni.

Tẹ́lẹ̀, inú ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ti ń yọ ínsúlìn. Ìgbà tó di 1978 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà mú jíìnì ínsúlìn ti èèyàn, wọ́n fi sínú bakitéríà, bakitéríà bá ń ṣe ínsúlìn èèyàn, nígbà tó sì di 1982 ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n máa tà á. Kí ni jíìnì? Ẹ rò ó bí ìwé tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ kan sí, láti orí gígé àlùbọ́sà títí dé orí ká sọ ọ́ kalẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé èdè kan náà ni gbogbo ohun ẹlẹ́mìí fi ń ka ìwé yẹn, bakitéríà o, àgbàdo o, èmi o. Tó bá jẹ́ pé bakitéríà lè kà á, ewé náà lè kà á nìyẹn.

Báwo ni jíìnì èèyàn ṣe ń dé inú ewé? Bakitéríà kan wà nínú ilẹ̀ tó ń jẹ́ Agrobacterium, iṣẹ́ tiẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ ni kó máa ki jíìnì ara ẹ̀ bọ inú igi, igi á wá wú kókó. Àwọn onímọ̀ yọ èyí tó ń fa kókó kúrò, wọ́n fi jíìnì tí àwọn fẹ́ rọ́pò ẹ̀. Bakitéríà ò mọ̀, ó ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù wọlé.

Ewé tí wọ́n sì fẹ́ràn jù ni ìbátan tábà kan tó wá láti Australia, Nicotiana benthamiana lorúkọ ẹ̀. Kì í ṣe tábà tí wọ́n ń gbìn ní Òkè-Ògùn, ẹbí ni wọ́n. Inú ilé ni wọ́n ti ń gbìn ín, tó bá ti tó bíi ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á dojú ẹ̀ dé, wọ́n á ri ewé ẹ̀ bọ inú omi tí Agrobacterium kún inú ẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ jáde, bí wọ́n bá wá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà báyìí, omi á ya wọ inú ewé. Bí fóòmù tẹ́ẹ fún nínú omi tẹ́ẹ wá tú ọwọ́ sílẹ̀, bó ṣe máa ń mu omi yó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan ewé á ti ṣe purotéènì púpọ̀. Wọ́n á ká a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá máa sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, wọ́n á tún un sẹ́, wọ́n á tún un sẹ́, torí purotéènì yẹn nìkan ni wọ́n fẹ́, nicotine tó máa ń wà nínú tábà ò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù, àwọ̀ ewé ò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ibi sísẹ́ yìí lowó ń lọ sí jù.

Ẹ rántí 2014. Ọdún Ebola, ọdún tí fóònù ń dún lóru ní gbogbo ilé pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. A wẹ̀ ẹ́ nílé wa náà, ẹ̀rù ń bà wá. Dókítà Ameyo Adadevoh, tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde ní ọsibítù l'Ékòó, 19 August ọdún yẹn ló kú, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Nínú oṣù yẹn kan náà ni a ń gbọ́ nípa ZMapp, oògùn tí wọ́n fún àwọn ará Amẹ́ríkà méjì tó kó Ebola ní Liberia, Kent Brantly àti Nancy Writebol. Irú purotéènì mẹ́ta tí ara fi ń bá àrùn jà ló wà nínú ẹ̀, inú ewé ìbátan tábà yẹn ni wọ́n ti ṣe é, ní Owensboro ní Kentucky. Àwọn méjèèjì yè é. Kí oṣù August tó dé ìdajì, ZMapp ti tán, kò sí mọ́ níbikíbi láyé, torí pé ìwọ̀nba tí wọ́n fẹ́ fi ṣèwádìí ni wọ́n ṣe.

Mi ò sọ pé òun ló wò wọ́n sàn o. Èèyàn méjì ò tó fi ṣẹ̀rí. Nígbà tí wọ́n wá dán an wò dáadáa ní Congo láàárín 2018 sí 2019, oògùn méjì míì tí wọn ò fi ewé ṣe dáa jù ú lọ, àwọn ìyẹn ni wọ́n sì tẹ̀ síwájú pẹ̀lú.

Kárọ́ọ̀tì ló wá ṣàṣeyọrí. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ Gaucher, ara ẹni tó ní in kì í ṣe purotéènì kan tó ń fọ́ irú ọ̀rá kan, ọ̀rá yẹn á wá máa ṣù jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti egungun bí ìdọ̀tí ṣe ń dí gọ́tà, ikùn á wú, ẹ̀jẹ̀ ò ní tó lára, egungun á máa ro onítọ̀hún. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹranko kan tó jọ eku ni ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe oògùn ẹ̀, ní 2009 fáírọ́ọ̀sì wọ inú ìkòkò wọn, iṣẹ́ dúró, àwọn aláìsàn ò rí oògùn tó lò. Sẹ́ẹ̀lì kárọ́ọ̀tì kì í gba irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Protalix ní Israel ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì kárọ́ọ̀tì nínú àpò náílọ́ọ̀nù ńlá tí omi àti oúnjẹ wà nínú ẹ̀, kò sí oko, kò sí kárọ́ọ̀tì tẹ́ẹ lè mú lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀lì lásán ni. 1 May 2012 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, Elelyso lorúkọ ẹ̀, òun sì ni oògùn àkọ́kọ́ irú ẹ̀ tí ewéko ṣe fún èèyàn tó gba àṣẹ yẹn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Odògúnyàn, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Tí wọ́n bá gbìn ín sínú oko ńkọ́, tó bá dàpọ̀ mọ́ oúnjẹ ńkọ́? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2002, àgbàdo tí ilé iṣẹ́ ProdiGene gbìn láti fi ṣe oògùn hù láàárín ẹ̀wà sóyà ní Nebraska, ìjọba Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn lé wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n ba gbogbo sóyà tó ti kàn án jẹ́. Ojú tèmi ni pé ohun táwọn èèyàn ń jẹ ò yẹ kó jẹ́ ohun tí wọ́n á fi ṣe oògùn ní ìta gbangba. Inú ilé ni kí wọ́n ti ṣe é. Àwa náà ní àjọ NBMA ní Nàìjíríà, tó ń bójú tó ohun ọ̀gbìn tí wọ́n fi jíìnì míì sí, òfin 2015 ló dá a sílẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè tẹ́ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ gbin irú ẹ̀ lágbègbè yín.

Èyí tí èmi ń tẹ̀ lé jù ni létúùsì. Ní yunifásítì Pennsylvania, Henry Daniell àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi jíìnì ínsúlìn èèyàn sínú létúùsì, wọ́n fi òtútù gbẹ ewé ẹ̀, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, kò nílò fíríìjì. Téèyàn bá gbé e mì, ògiri tó yí sẹ́ẹ̀lì ewé ká á dáàbò bo ínsúlìn nínú ikùn kó tó dé ibi tó fẹ́ dé. Ó ti mú ṣúgà wálẹ̀ lára eku. Lára eku o, torí náà ẹni tó ń gún ínsúlìn, ẹ má dá a dúró, ẹ má sì gba ewé kankan lọ́wọ́ ẹni tó bá ní òun ti ní in lọ́jà.

Nílé wa ní Igbógbó, tí iná bá ti lọ ju ọjọ́ kan lọ, màmá mi á so ínsúlìn wọn mọ́ inú ọ̀rá, wọ́n á gbé e lé inú ìkòkò amọ̀ tó wà nídìí ilẹ̀kùn kó lè tutù. Mo pọn omi sí i kí n tó jáde lónìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dán létúùsì yẹn wò lára èèyàn, màá padà wá síbi bárò yìí wá sọ fún yín.