Kí Lọmọ Rẹ Gbé Lọ́wọ́ Wọ Ilé-ẹ̀kọ́ Onígbàgbọ́?

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, as-salaamu alaykum wa rahmatullaahi wa barakaatuh. Ẹ kú Jímọ̀ o.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí a ṣe kírun tán, ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí kálukú ti ń wá bàtà rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló ń kọrin Jésù bó ṣe ń fọ abọ́. "Alfa, ṣé kí n yọ ọ́ kúrò nílé-ẹ̀kọ́ yẹn ni?" Mo bi í pé sùrà Kùránì mélòó lọmọ náà ti há sórí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mi ò bá a wí, torí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ lèmi náà lọ. Láràárọ̀ la máa ń tò sórí ìlà, tíṣà á ní ká dijú, a ó sì ka "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run." Mo mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn kí n tó mọ Àtááyà, ohun tí à ń kà ní ìjókòó ìrun. Ọjọ́ Jímọ̀ ló le jù. Ìró ìpèrun á máa wọlé láti ojú fèrèsé nígbà tí tíṣà ìṣirò ṣì wà lójú pátákó. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fo fẹ́ǹsì lọ kírun. Wọ́n ti dúró dè wá ká tó padà dé. Pàṣán mẹ́fà-mẹ́fà la jẹ, lórí ìkúnlẹ̀. Síbẹ̀, nílé-ẹ̀kọ́ kan náà, tíṣà Bíbélì wa ló máa ń sọ fún mi nínú ààwẹ̀ pé kí n lọ jókòó sábẹ́ igi nígbà tí àwọn yòókù bá ń gé oko. Ẹ jẹ́ ká sọ gbogbo rẹ̀.

Bàbá mi ò mọ̀wé òyìnbó. Ohun tó máa ń ṣe kò ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, á gbé wàláà, pátákó kéú, sórí ẹsẹ̀, á ní, "Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?" Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo sọ ìtàn Jósẹ́fù fún un, ẹ̀wù aláràbarà tí bàbá rẹ̀ dá fún un, bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ti ẹ̀wù náà bọ ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́. Ó gbọ́ ọ délẹ̀, kò já ọ̀rọ̀ gbà mí lẹ́nu. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù Yúsúfù ò tíì tán síbẹ̀ o." Ó ka Sùrátù Yúsúfù fún mi: ẹ̀wù tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ irọ́ pa láró, ẹ̀wù tó ya lẹ́yìn tó sì gba Yúsúfù lọ́wọ́ ẹ̀sùn obìnrin, àti ẹ̀wù tí wọ́n dà bo ojú Ànábì Yàkúbù tó fi ríran padà. Nígbà tí tíṣà tún kan ìtàn náà, mo ń rẹ́rìn-ín sínú, torí mo mọ èyí tí kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòní. Ọdún 1859 ni CMS, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, dá Grammar School sílẹ̀ l'Ékòó, girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ogójì ọdún kọjá kí ìjọba tó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fáwọn ọmọ Mùsùlùmí l'Ékòó ní 1899. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́mọ òun kàwé, ọ̀dọ̀ ìjọ ló sábà ń gbé e lọ, orúkọ sì ni ọ̀pọ̀ fi san owó ẹnu ọ̀nà. Rafiu di Raphael, Lamidi di Lawrence. Mùsá di Moses (ẹni yẹn tiẹ̀ rọrùn díẹ̀, ànábì kan náà ṣáà ni!). Àwọn bàbá kan kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ìwé á sọ ọmọ àwọn di onígbàgbọ́. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n fi pa mọ́ sílé ló padà ń wá ẹni tó máa bá wọn ka lẹ́tà.

Àwọn mìíràn ò jókòó sunkún. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìta ẹ̀sìn rẹ̀. Ní 1954, àwọn ọmọ girama fúnra wọn dá MSSN, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí Nàìjíríà, sílẹ̀, Lateef Adegbite tó jẹ́ ọmọ King's College ló sì ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n o, kì í ṣe àwọn onírùngbọ̀n! MKO Abíọ́lá náà, Baptist Boys' High School l'Abẹ́òkúta ló ti kàwé, Mùsùlùmí ló sì kú.

Ẹ rántí àwọn Sàhábà, ọmọlẹ́yìn Ànábì, tí ìyà Mẹ́kà lé jáde. Abẹ́ ọba onígbàgbọ́ ni Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní kí wọ́n sá lọ, Nàjáṣì ọba Hábáṣà (ilẹ̀ Etiópíà), ó ní wọn kì í fìyà jẹ èèyàn lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn Kùráyṣì, ẹ̀yà Mẹ́kà tó ń fìyà jẹ wọ́n, kó awọ lọ fi ta ọba náà lọ́rẹ kó lè lé wọn padà. Ó ní kí wọ́n ka nínú ohun tí Ànábì wọn mú wá fóun gbọ́. Jáfárù ọmọ Abú Tọ́líbù ka Sùrátù Maryam. Ọba sunkún títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi rin. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún dẹkùn mìíràn, wọ́n ní kó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń sọ nípa Ìsá, Jésù tí àwọn onígbàgbọ́ ń pè. Jáfárù ò parọ́, kò sì bú ẹnikẹ́ni: ẹrú Ọlọ́hun ni, òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ Rẹ̀ tó jù sí Maryam ni, ẹ̀mí láti ọ̀dọ̀ Rẹ̀ sì ni. Sùrà yẹn ti wà lórí rẹ̀ kó tó wọ ààfin. Ká ní ẹnu òfo ló gbé débẹ̀ ńkọ́?

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá wa láre lórí híjáàbù nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba Èkó. Alihamudulilahi. Mo dúpẹ́, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ tó wọ híjáàbù dé orúnkún tí Fàtíhà ò délẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ànábì ní inú àdámọ́ mímọ́ ni wọ́n ń bí gbogbo ọmọ sí, òbí rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di Yẹhúdì tàbí onígbàgbọ́. Òbí ló dárúkọ, kò dárúkọ tíṣà.

Mo ní kí ìyá yẹn má yọ ọmọ náà, pàápàá nísinsìnyí tí sáà ti dé ìdajì. Mo ní kó mú un wá sí ilé-kéú ní ọjọ́ Sátidé láago mẹ́rin, kó sì máa bi í nílé pé kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí. Tó bá tún fi orin náà bọnu, kó má gbá a létí. Kó jẹ́ kó kọ ọ́ tán ná.