Kábéèjì, Ọbẹ àti Àpò Ìtọ̀

Ẹ ǹlẹ́ o. Inú ilé ìdáná la ti máa bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ wo ọbẹ yìí, ẹ wo ìlàjì kábéèjì tútù. Mò ń gé e wẹ́wẹ́. Òórùn kan ti ń ta sí mi nímú báyìí, bẹ́ẹ̀ mi ò gbọ́ ọ lára rẹ̀ kí n tó fi ọbẹ kàn án. Ohun tó ń ta imú yẹn lọ̀rọ̀ wa, torí ó ń dé inú àpò ìtọ̀.

Àwọn tí dókítà sọ fún pé jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀rẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé awọ tó tẹ́ inú àpò náà ló ṣì wà, kò tíì wọ iṣan. Nínú èèyàn 4 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àrùn yìí lára wọn, nǹkan bí 3 ló wà nípò yẹn. Dókítà á ti irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ihò ìtọ̀ wọlé, á gé kókó náà kúrò láìla ikùn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè máa da oògùn sínú àpò ìtọ̀. Ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni BCG, èyí tí wọ́n ń lò fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ife.

Wàhálà jẹjẹrẹ yìí ni pé ó máa ń yọjú padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí aláìsàn wá lẹ́yìn oṣù 3, kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú àpò náà, tí wọ́n á sì tún máa wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín ìyẹ̀wò kan sí òmíràn, èèyàn á jókòó, á máa rò ó pé, kí lèmi náà lè máa ṣe nílé?

Ó dáa, kí ló pa oúnjẹ àti àpò ìtọ̀ pọ̀? Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ohun tó bá sẹ́ jáde, inú àpò ìtọ̀ ló ń dà á sí, ibẹ̀ ló sì máa wà títí a ó fi tọ̀. Fún gbogbo wákàtí yẹn, ó ń fara kan awọ inú àpò. Bí sìgá ṣe ń ṣọṣẹ́ nìyẹn: ẹ̀dọ̀fóró ló gba májèlé wọlé, àpò ìtọ̀ ló bá a gbàlejò. Nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ló jẹ́ pé sìgá ló fà á. Ẹni tó bá ń mu ún lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ wá bó ṣe máa fi í sílẹ̀ kó tó wá ẹ̀fọ́ kankan.

Kábéèjì, bùrókólì, kọlifláwà àti kéèlì, ẹbí kan náà ni wọ́n. Èròjà méjì wà nínú wọn tó jẹ́ pé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ìgbà tí ọbẹ tàbí eyín bá fọ́ ògiri àárín wọn ni wọ́n tó pàdé, tí wọ́n á sì bí isothiocyanate, òun ló ń ta imú yẹn. Tá a bá jẹ ẹ́, inú ìtọ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ ń bá jáde. Nínú yàrá àyẹ̀wò, ó ń dí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ lọ́wọ́ àtidàgbà.

Iná ni ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹ bọ kábéèjì títí á fi rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ọ̀kan nínú èròjà méjèèjì ti bá iná lọ nìyẹn. Ẹ gé e, ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá jẹ ẹ́ ní tútù tàbí kí ẹ kàn fi ooru omi sè é díẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá gba tútù lè bu ìyẹ̀fun mọ́sítáàdì díẹ̀ sórí èyí tó sè, torí irú èròjà tí iná pa yẹn wà nínú mọ́sítáàdì.

Lọ́dún 2010, àwọn olùwádìí ní Roswell Park, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ kan nílùú Buffalo l'Amẹ́ríkà, gbé àbájáde kan jáde lórí aláìsàn 239 tó ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Àwọn tó ń jẹ bùrókólì tútù, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ikú ò pa wọ́n tó àwọn yòókù. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o! Ṣe ni wọ́n kàn bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń jẹ bùrókólì náà ló ń rìn dáadáa, tí kì í sì í mu sìgá.

Ìyẹn ló bí àwọn ètò oúnjẹ. Ìwé àlàyé á dé ọ̀dọ̀ aláìsàn nílé, ẹnì kan á sì máa pè é lórí fóònù. Lójú tèmi, ìpè yẹn gan-an ni ètò náà, ìwé kàn ń bá a rìn ni. Ó lè lọ báyìí:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Kábéèjì tẹ́ ẹ rà ńkọ́?"

"Ó ti ń pọ́n nínú fíríìjì."

"Kò burú. Tẹ́ ẹ bá tún rà á, ṣé ẹ lè gé e lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ gbé abọ́ rẹ̀ síwájú, níbi tójú á ti máa rí i?"

Abọ́ tí ojú ń rí, ọwọ́ á dé ibẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Ẹlòmíì á ní, ṣebí mo lè gbé fítámì mì kí n sinmi ẹ̀fọ́ gígé? Wọ́n dán an wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní SELENIB, lára àwọn tí àrùn wọn ò tíì wọ iṣan. Selenium, èròjà kan tó wà nínú oúnjẹ tí wọ́n tún ń ṣe sínú oògùn oníhóró, kò dá jẹjẹrẹ náà dúró. Fítámì E ló tún burú jù: jẹjẹrẹ padà sára àwọn tó gbé e mì ju àwọn tí kò lò ó lọ. Torí náà, gbogbo ìgò tó wà nílé, ẹ gbé e lọ fi han dókítà yín.

Tẹ́ ẹ bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ má ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kéèlì rẹpẹtẹ. Fítámì K inú rẹ̀ máa ń ba iṣẹ́ oògùn náà jẹ́, ẹ sọ fún àwọn dókítà yín kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Kọfí àti ata kì í bá àpò ìtọ̀ ẹlòmíì rẹ́ lẹ́yìn ìtọ́jú. Tó bá ń dùn yín tẹ́ ẹ bá tọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó.

Ó ku ọ̀rọ̀ omi. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba BCG, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dín omi kù ṣáájú, torí oògùn náà ní láti wà nínú àpò ìtọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 2, ìtọ̀ púpọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ dà pọ̀ mọ́ ọn kó wá ṣàn bí omi. Tẹ́ ẹ bá ti tọ̀ ọ́ jáde tán, ẹ wá mu omi dáadáa. Aago tẹ́ ẹ máa dáwọ́ omi dúró, nọ́ọ̀sì yín ni kẹ́ ẹ bi.