Fèrè Tó Ń Pe Ènìyàn Síbi Iná

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará àdúgbò wa sọ nìyí níbi ìpàdé kan tí a ṣe ní Ẹ̀pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìjàmbá iná. Àwọn tí kò lè wá ní kí n kọ ọ́ síta. Mo ti yọ àwọn ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu kúrò, mo sì fi ohun tí àwọn tó jókòó sọ sílẹ̀, nítorí wọ́n sọ ju èmi lọ láwọn ibì kan.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Bí ẹ bá wà lójú títì, tí ẹ gbọ́ sáírẹ́nì lẹ́yìn yín, kí lẹ máa ṣe?

Màmá kan tó jókòó níwájú ò jẹ́ kó pẹ́. Ó ní, "Màá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni o, kí wọ́n má baà fi kòbókò nà mí." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni màmá sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, sáírẹ́nì ń lé ènìyàn ni. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ tó ń gbówó báńkì, ó lè jẹ́ ọ̀gá ńlá kan tó ń sáré lọ síbi ìnáwó. Nígbà mìíràn ọkọ̀ tó gbé aláìsàn ni, ṣùgbọ́n ta ló ń dúró wádìí? Ohun tí etí wa ń gbọ́ nínú ẹ̀ ni "Ẹ kúrò níbẹ̀!"

Àwọn ìlú kéékèèké kan wà tí sáírẹ́nì tiwọn ń sọ òdìkejì. Bó bá dún, "Ẹ máa bọ̀" ló ń wí.

Irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò tó Ẹ̀pẹ́ í tóbi. Owó tó ń wọlé fún wọn kò tó èyí tí wọ́n á fi máa san owó oṣù fún panápaná tí yóò jókòó tọ̀sán-tòru de iná tó lè má ṣẹ́yọ fún oṣù méjì. Nítorí náà, ará ìlú fúnra wọn ni panápaná. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀, mẹkáníìkì wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń pé jọ déédéé láti fi dánra wò. Ọkọ̀ wọn, aṣọ wọn àti páìpù omi wọn wà nínú ilé kan láàárín ìlú, ṣùgbọ́n ẹnì kankan kì í sùn síbẹ̀.

Bí iná bá ṣẹ́yọ, ẹni tó rí i á pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹni tó gbé fóònù á tẹ bọ́tìnì kan, fèrè ńlá tó wà lórí òpó tàbí lórí òrùlé á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àgbẹ̀ á fi katakata sílẹ̀ láàárín oko. Mẹkáníìkì á ní kí oníbàárà dúró de òun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń ṣílẹ̀kùn. Wọn kì í retí kí gbogbo wọn pé: bí iye tó lè ṣiṣẹ́ bá ti wọ ọkọ̀, wọ́n ti lọ nìyẹn, àwọn tó bá pẹ́ á gbé ọkọ̀ kejì tẹ̀lé wọn.

Ẹ má rò pé ìlú kan tàbí méjì péré ló ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, nínú panápaná mẹ́ta, bíi méjì ni kì í ṣe olówó-oṣù. Ní Jámánì, irú wọn lé ní mílíọ̀nù kan. Ní Ọ́stríà, ìlú mẹ́fà péré ló ní panápaná tó ń gba owó oṣù: Vienna, Graz, Linz, Salzburg, Innsbruck àti Klagenfurt. Ibi tó kù, ọwọ́ ará ìlú ló wà. Chile ló yà mí lẹ́nu jù: gbogbo panápaná orílẹ̀-èdè náà, títí dé ti olú-ìlú, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Àwa sọ pé bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Àwọn wọ̀nyí, iná ò tíì kan tiwọn, wọ́n ti ń sáré lọ gbọn ti ẹlòmíràn.

Fèrè náà sì ní èdè. Ní Jámánì, tí wọ́n bá ń pe panápaná, ó ń dún ní ìṣẹ́jú-àáyá 12, á dákẹ́ fún 12, á tún dún, á dákẹ́, á tún dún, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní Ọ́stríà, ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni lẹ́ẹ̀mẹta, ìsinmi 7 ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí ohùn náà bá ń lọ sókè sódò fún ìṣẹ́jú kan láìdákẹ́, kì í ṣe panápaná nìkan ló ń bá wí mọ́, gbogbo ìlú ni: ewu ń bọ̀, ẹ wọlé, ẹ tan rédíò. Ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń dán an wò ní Ọ́stríà, ní agogo 12, fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Ẹ ò rí i pé ó jọ ìlù? Ẹni tí kò gbọ́ ìlù, ariwo ni dùndún létí ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ mọ̀ bóyá oríkì ni wọ́n ń kì fóun tàbí èébú ni wọ́n ń bú òun.

Ẹnìkan bi mí pé báwo ló ṣe ń dún tó fi ń lágbára tó báyẹn. Kì í ṣe gbohùngbohùn, ó kéré tán àwọn ti àtijọ́. Ẹ ro agolo ńlá méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí a dá ihò sí lára yípo. Tòde dúró, tinú ń yí, mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná ló ń yí i. Bí ihò bá bá ihò mu, afẹ́fẹ́ á tú jáde. Bí wọn ò bá bára mu, ọ̀nà á dí. Ìṣí-àti-ìdí yẹn ló ń di ohùn. Bí ihò 9 bá wà, tí agolo inú sì ń yí ní ìgbà 2,800 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 420 ló ń gé afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdí nìyí tó fi ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni ń kérora, tó ń gòkè bí mọ́tò ṣe ń yára, tó sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá pa á.

Ará Faransé kan, Charles Cagniard de la Tour, ló fún un lórúkọ ní 1819. Tirẹ̀ lè dún nínú omi, nítorí náà ó fi orúkọ àwọn Sáírẹ́nì, àwọn ẹ̀dá inú ìtàn Gíríìsì, pè é, àwọn tó ń gbé ní erékùṣù láàárín òkun, tí orin wọn máa ń fa atukọ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn. Ẹ gbọ́ o: látilẹ̀, orúkọ ohun tó ń fani ni. Àwa la sọ ọ́ di ohun tó ń léni.

Kí fèrè tó dé, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lù. Ní 1736 ni Benjamin Franklin, gbajúgbajà ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dá ẹgbẹ́ panápaná tiwọn sílẹ̀ ní ìlú Philadelphia, sáírẹ́nì ò sí láyé nígbà náà. Láwọn ìlú kan ní Amẹ́ríkà, irin róbótó tó yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ká ni wọ́n gbé kọ́, tí wọ́n ń fi òòlù lù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí ò ní bá mi jiyàn lórí bí ìyẹn ṣe ń dún. Rímù ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ igi ńkọ́?

Ọ̀dọ́kùnrin kan dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé WhatsApp ò lè ṣe gbogbo èyí ni?"

Ó lè ṣe díẹ̀. Láti bí ọdún 1970 sí 1979 ni rédíò kékeré tí panápaná ń so mọ́ ìgbànú ti wà, fóònù sì ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà lónìí. Àwọn ìlú kan ti pa fèrè wọn lóru, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Jámánì. Wọ́n tú ọ̀pọ̀ sáírẹ́nì wálẹ̀ lẹ́yìn 1990, wọ́n ní Ogun Tútù, ìfigagbága Amẹ́ríkà àti Soviet, ti parí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2020, wọ́n fẹ́ dán ìkìlọ̀ wò káàkiri orílẹ̀-èdè, iṣẹ́ tó yẹ kó wọlé sórí fóònù pẹ́ tó bí ààbọ̀ wákàtí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù keje, àgbàrá dé lóru, ó sì gbé ènìyàn tó lé ní 180 lọ. Wọ́n tún ti ń náwó láti gbé sáírẹ́nì padà sórí òrùlé. Fóònù lè wà lórí kò-gbọdọ̀-dún, bátìrì lè kú, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ó wá ku tiwa. Ṣé kí a ra irú fèrè yẹn? Ẹ má tíì dáhùn.

Èkíní, mọ́tò ńlá ń jẹ iná. Lọ́jọ́ tí iná ìjọba bá lọ, fèrè náà ti yadi, àfi kó ní bátìrì tàbí kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Èkejì, ohùn ń dín kù bó ṣe ń jìnnà: bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára ohùn) 6 ti já. Èyí tó bá jẹ́ 120 ní mítà 30 á ku bíi 90 ní kìlómítà kan, kí ilé àti igi tó gba tiwọn. Ó wá bá jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" tó ń hó lábẹ́ fèrèsé yín. Lójú ọ̀sà ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀yin apẹja mọ̀ pé lálẹ́, bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, ẹ lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lápá kejì. Afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ omi tutù ju tòkè lọ, ó ń tẹ ohùn wálẹ̀ dípò kó fò lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ariwo ló jẹ mí lógún. Nọ́ńbà 767 àti 112 wà, ẹ pè é kíá, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ọkọ̀ panápaná kì í wọ ọkọ̀ ojú omi. Abúlé tó wà létí ọ̀sà, tí wọ́n ti ń yan ẹja lórí ààrò látàárọ̀ dalẹ́, tí ilé onípákó fara ti ara wọn, àwọn aládùúgbò nìkan ló lè tètè débẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Wọ́n sì ń dé! Ẹ pariwo "Iná o!" kẹ́ ẹ wò ó. Ẹni tó gbé garawa á dé, ẹni tó bu yanrìn á dé, ẹni tó po ọṣẹ mọ́ omi á dé. Ẹni tó ń da omi sórí iná epo bẹntiróòlù náà á dé, ó sì ń tan iná náà kálẹ̀. Ogójì mìíràn á dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń ya fídíò, wọ́n sì dí ọ̀nà. Igbe wa ń pe gbogbo ènìyàn. Fèrè tiwọn, àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ ló ń pè, àwọn tó kù mọ̀ pé kí àwọn fi ọ̀nà sílẹ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí ti mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù Ramadan, àwọn ajísààrì á yí àdúgbò ká lóru. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ á dìde wá oúnjẹ, ẹni tí kò gbà á yí ẹ̀gbẹ́ kejì padà, ìjà ò sí. Ìpè kan náà, kálukú mọ ibi tó kan òun. Mọ́ṣáláṣí àdúgbò ní gbohùngbohùn, ó ní bátìrì, ó wà lókè, a kò ná kọ́bọ̀ kankan lé e. Ẹ jẹ́ kí òun máa pe àwọn tí a bá yàn láti kọ́ṣẹ́, kí a sì wá yàrá kan tí a ó kó garawa àti páìpù wọn sí.

Bàbá ládàánì dáhùn pé àwọn gbà, bí a kò bá ti ní fi jọ ìpè ìrun. Wọ́n ní kí a wá irin, kí a lù ú lẹ́ẹ̀mẹta sétí ẹ̀rọ, kí a dákẹ́, kí a tún lù ú. Mo rántí rímù ilé-ìwé wa, mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà ni ìyá kan tó ń yan ẹja, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, béèrè pé, "Ọmọ mi, yàrá tẹ́ ẹ fẹ́ kó garawa àti páìpù sí yẹn, bí irin bá dún ní aago méjì òru, ta ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ máa wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

A kọ orúkọ mẹ́ta sílẹ̀ kí a tó tú ká. Ìyá náà ní kí a kà á sétí òun. Méjì nínú wọn, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń wálé.