Iṣẹ́ Tí Koríko Inú Òkun Ń Ṣe Lábẹ́ Ẹrẹ̀

Bí omi òkun bá fà sẹ́yìn ní Banc d'Arguin, létí òkun Mauritania, pápá koríko ló máa ń hàn lórí ẹrẹ̀. Koríko gidi ni o: ó ní gbòǹgbò, ó ń tanná, ó sì ń so èso. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Zostera noltii ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹyẹ tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ló ń sá fún òtútù wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ẹyẹ sílẹ̀ ná, ká wo abẹ́ ilẹ̀.

Nínú ẹrẹ̀ etíkun, ọ́síjìn kì í wọlé ju mílímítà díẹ̀ lọ. Lábẹ́ ibẹ̀, bakitéríà tí kò nílò ọ́síjìn ń jẹ ewé jíjẹrà, wọ́n sì ń tú sọ́fáídì jáde, èyí tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Májèlé ni fún ọ̀pọ̀ ẹ̀dá, títí kan koríko náà.

Ibi tí koríko ti wúlò nìyí. Bí oòrùn bá ràn, ewé á ṣe ọ́síjìn, á fi í ránṣẹ́ sí gbòǹgbò gba inú àwọn ihò afẹ́fẹ́ ara rẹ̀, díẹ̀ á sì jò jáde sínú ẹrẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn aràn nematode, tí ojú lásán kò lè rí dáadáa, ti ń rí ààyè mí. Kópépọ́ọ̀dù, ìbátan edé, kò lè fara da àìsí ọ́síjìn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà òkè pátápátá ló ń gbé, tàbí lára ewé, níbi tó ti ń jẹ dáyátọ́ọ̀mù, ìyẹn àwọn ewédò tíntìntín. Ewé tún ń dẹ ìṣàn omi lọ́wọ́, kí oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú lè rọ̀ sílẹ̀.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ o: oúnjẹ tó rọ̀ sílẹ̀ yẹn gan-an ni bakitéríà ń jẹ tí wọ́n fi ń tú sọ́fáídì jáde. Loripes, ẹ̀dá kékeré oníkarahun méjì, ló ń gba koríko lọ́wọ́ rẹ̀: bakitéríà inú ìjàgbọ̀n Loripes, ẹ̀yà ara tó fi ń mí nínú omi, ń lo sọ́fáídì láti ṣe oúnjẹ. Nígbà tí ẹrẹ̀ gbẹ jù ní Banc d'Arguin, àjọṣe yìí dàrú, sọ́fáídì pọ̀ sí i, koríko sì kú lọ rẹrẹẹrẹ.

Ṣé ẹ fẹ́ ka àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú ẹrẹ̀ náà? Ẹ gé ẹnu sirinji ńlá kan, kí etí rẹ̀ mú, nítorí gbòǹgbò máa ń dí i. Ẹ máa yí i bí ẹ ti ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fi agbára tì í, ẹrẹ̀ á fún pọ̀, ìjìnlẹ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ á sì jẹ́ irọ́. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi fọ́málínì ìdá 4 nínú 100 pa á mọ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, kí ẹ fi aró rose bengal kùn ún. Asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1 ló ń lọ lókè, èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 0.063 á wà nísàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sẹ́ omi tí ẹ máa fi fọ̀ ọ́ pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀dá inú omi náà lẹ ó máa kà.